Abúlé Faransé Tí Kò Ní Ènìyàn Kankan, Tí Ó Sì Ní Méyọ̀

Ìbéèrè tí a rí gbà nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ èdè Faransé ni mí ní Ìlọrin. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ní ìlú Nancy fi àtẹ iye ènìyàn àwọn abúlé kan ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà. Inú àtẹ náà ni mo ti rí abúlé kan, Fleury-devant-Douaumont, tí wọ́n kọ 0 síwájú rẹ̀. Mo ní àṣìṣe ni. Ọmọ mi ní kì í ṣe àṣìṣe, pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló kó lọ sí Paris, tí àwọn àgbà sì kú tán, bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn abúlé tiwa náà tí wọ́n fi ń di ahoro. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá a síwájú, mo rí i pé wọ́n ní méyọ̀. Ta ló dìbò fún un? Àwọn wo ló ń ṣe olórí fún? Kí ló dé tí wọn kò tún abúlé náà kọ́? Tí wọn kò bá sì tún un kọ́, kí ló dé tí wọn kò kúkú pa orúkọ rẹ̀ rẹ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ."

Olùkọ́ wa, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Òdo tí ẹ rí yẹn péye, kì í ṣe àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdọọdún ni Insee, àjọ ìjọba Faransé tó ń bójú tó ìkànìyàn, máa ń gbé iye ènìyàn ìlú àti abúlé kọ̀ọ̀kan jáde, ọdọọdún náà sì ni òdo Fleury máa ń jáde pẹ̀lú tàwọn yòókù. Kò tilẹ̀ dá nìkan wà. Beaumont-en-Verdunois, Bezonvaux, Cumières-le-Mort-Homme, Haumont-près-Samogneux àti Louvemont-Côte-du-Poivre náà kò ní ènìyàn kankan. Àgbègbè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ní ẹ̀ka (département) Meuse, ní ìlà oòrùn àríwá ilẹ̀ Faransé, nítòsí ìlú Verdun. Ogun Àgbáyé Kìíní ló wó wọn, ní 1916. Ṣùgbọ́n ogun ti wó ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ní ilẹ̀ náà tí àwọn ènìyàn sì padà síbẹ̀. Ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn ará Fleury padà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ṣe ń kà á lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn gbogbo ohun tí ẹ béèrè wà.

Kí n tó débẹ̀, ẹ má bá ọmọ yín wí jù. Ohun tí ó sọ kò bá Fleury mu, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ilẹ̀ Faransé mu. Ilẹ̀ náà ní nǹkan bí 35,000 agbègbè ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní commune, iye ènìyàn tó sì wà nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ kò tó 500. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti tóbi jù báyìí lọ rí. Ní 1851, ẹ̀ka Meuse ní ènìyàn tó lé ní 328,000. Nígbà tí yóò fi di 1911, wọ́n ti dín kù sí nǹkan bí 278,000, bẹ́ẹ̀ Ogun Àgbáyé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti dé, àwọn ilé iṣẹ́ irin ti ń ṣí ní apá Longwy àti Briey, iṣẹ́ sì wà ní Nancy àti Paris fún ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀lé ẹṣin lẹ́yìn nínú oko bàbá rẹ̀. Àwọn tọkọtaya Faransé náà ti ń bí ọmọ díẹ̀ ṣáájú kí àwọn ará Yúróòpù tó kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Lónìí, Meuse kò ju nǹkan bí 180,000 lọ. Abúlé kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní Rochefourchat, ní ẹ̀ka Drôme, ní gúúsù, tí ìkànìyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Ibi tí ọmọ yín ti ṣìnà ni pé ìrìn-àjò àwọn ọ̀dọ́ máa ń dín abúlé kù ní ìwọ̀nba ni, láti ìran dé ìran. Ó máa ń ku arúgbó kan, tàbí ọmọ kan tó padà wá tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe fún ìsinmi. Fleury kò dín kù díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kan ni ó ṣófo.

Ṣáájú ogun, ènìyàn 422 ló ń gbé ibẹ̀. Abúlé àgbẹ̀ ni, wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n sì ń la igi nínú igbó tó yí wọn ká. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ilé ẹ̀kọ́, ibi ìfọṣọ tí gbogbo obìnrin abúlé ti ń pàdé, alágbẹ̀dẹ, aṣebúrẹ́dì àti ilé kọfí. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń rìn káàkiri àwọn abúlé Meuse ní ibùdókọ̀ níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín mọ èyí dáadáa, nítorí bí ènìyàn bá ti ń ka ìtàn Verdun, orúkọ àwọn ọ̀gágun ló sábà máa ń gba gbogbo ojú ìwé. Fleury kì í ṣe ìlú olódi, kì í sì í ṣe ìlú ọba. Ibi tí ènìyàn ti ń bímọ tí wọ́n sì ń jà nítorí ààlà oko ni.

Ohun tí ó kó bá a ni ibi tí ó wà. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1871 tí wọ́n sì gba Alsace àti apá kan Lorraine, ààlà tuntun wá sún mọ́ Verdun. Láti 1874 ni ọ̀gágun Séré de Rivières ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn odi ńláńlá yí àwọn ìlú ààlà ká. Ní àyíká Fleury, wọ́n kọ́ odi Souville sí ẹ̀yìn rẹ̀ lápá Verdun, nígbà tó sì di 1885, wọ́n bẹ̀rẹ̀ odi Douaumont sí iwájú rẹ̀. Abúlé náà wá wà láàárín odi méjì, lórí òkè kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ń ti àríwá bọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó lè rí ìlú Verdun níwájú rẹ̀. Fún ogójì ọdún, àǹfààní ni èyí jẹ́ fún àwọn ará abúlé: àwọn sójà ń ra oúnjẹ, iṣẹ́ sì ń wá. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n sọ oko wọn di ojú ogun.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì 1916, àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgbá ńlá rọ̀jò ọta sórí Verdun. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n kó àwọn ará Fleury kúrò nílé. Odi Douaumont bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Abúlé náà ti di àwókù kí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì tó tẹ̀ ẹ́. Ní òru ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, wọ́n da ọta tó kún fún gáàsì olóró bo àwọn sójà Faransé tó ń yin àgbá, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì wọ Fleury. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹjọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni ibẹ̀ yí láti ọwọ́ ẹgbẹ́ ogun kan sí èkejì. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́: gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá gbà á, àgbá ẹgbẹ́ kejì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ túútúú. Nígbà tí àwọn Faransé gbà á fún ìgbà ìkẹyìn ní oṣù Kẹjọ 1916, kò sí ògiri kan tó dúró. Àwọn tó fi ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí rẹ̀ kò lè mọ ibi tí òpópónà gbà. Òkúta ilé pàápàá ti lọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ìṣirò tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé ọta àgbá tí ẹgbẹ́ méjèèjì yìn ní Verdun ní ọdún yẹn tó 60 mílíọ̀nù, àwọn tó kú sì tó nǹkan bí 300,000.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ìjọba Faransé pe abúlé kan ní "ẹni tó kú fún ilẹ̀ Faransé", wọ́n á rò pé wọ́n pa àwọn ará abúlé náà sínú ilé wọn. Oradour-sur-Glane ni wọ́n ń rò, ní ẹ̀ka Haute-Vienne, níbi tí àwọn sójà SS ti ilẹ̀ Jámánì ti pa ènìyàn 643 ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1944, tọmọdé tàgbà. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn ará Fleury ti kúrò kí ìjà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn kú nínú ogun bíi ti gbogbo abúlé Faransé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní pápá ogun tó jìnnà sílé, ṣùgbọ́n àwọn ìyá, àwọn ọmọ àti àwọn arúgbó wà láàyè. Ní Oradour, abúlé wà, kò sí ènìyàn. Ní Fleury, ènìyàn wà, kò sí abúlé. Àwọn wọ̀nyí fi ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé ní àwọn ẹ̀ka mìíràn bí olùwá-ibi-ìsádi, tí wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa padà sílé. Ohun tí ó máa ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ogun parí, orílẹ̀-èdè wọn borí, gbogbo ènìyàn ń jó ní ìgboro, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọn kò lè padà.

Kí ló dé tí wọn kò lè padà? Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ náà. Ọta tó bú ti hú u títí tí ilẹ̀ dúdú tó ń mú ọkà jáde fi wọ abẹ́, tí òkúta ẹfun sì bọ́ sókè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọta kò bú rárá, wọ́n kàn rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tù wọn. Àwọn mìíràn kún fún gáàsì. Okùn onírin ẹlẹ́gùn-ún gba gbogbo ilẹ̀. Òkú ènìyàn àti òkú ẹṣin wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kànga kankan kò ṣeé mu. Ìjọba pín àwọn ilẹ̀ ogun sí oríṣiríṣi, wọ́n sì pe èyí tó burú jù ní agbègbè pupa. Ó tó nǹkan bí 120,000 hẹ́kítà ní 1919, láti àríwá títí dé Lorraine. Àwọn àgbẹ̀ gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà láàárín ọdún díẹ̀, nígbà mìíràn lòdì sí àṣẹ ìjọba, àwọn kan sì bá a kú nígbà tí ohun ìtúlẹ̀ wọn kọlu ọta. Ní àyíká Verdun, owó tí wọ́n máa fi wẹ ilẹ̀ náà mọ́ ju iye tí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ tó lọ. Òfin ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin 1919 fi àyè sílẹ̀ fún owó gbà-máà-bínú, ìjọba sì ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Nígbà tó yá, ẹ̀ka iṣẹ́ igbó ìjọba gbin igi páìnì bo gbogbo rẹ̀, pàápàá páìnì dúdú ti Austria tó lè hù nínú ilẹ̀ burúkú. Igbó yìí ni ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí máa ń rí. Abẹ́ igi náà kò tẹ́jú, kòtò ló kún ibẹ̀.

Àwọn kan máa ń bi mí pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣé májèlé kò tíì tán ni? Kò tíì tán. Nítòsí ibẹ̀, nínú igbó Spincourt, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọta gáàsì jọ lẹ́yìn ogun, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Koríko kò fẹ́ hù níbi tí wọ́n ti sun wọ́n títí di òní, nítorí ásẹ́níìkì tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ásẹ́níìkì kì í jẹrà bí ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tú bọ́ǹbù ṣì ń kó ọta jáde láti inú ilẹ̀ Meuse lọ́dọọdún. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tán, àfi tí wọ́n bá máa gbẹ́ gbogbo rẹ̀ kúrò pẹ̀lú egungun àwọn tó sùn sínú rẹ̀, kò sì sí ìjọba tó máa gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá béèrè nípa méyọ̀. Commune Faransé kì í ṣe àpapọ̀ àwọn ènìyàn tó ń gbé ibì kan nìkan. Láti ìgbà òfin oṣù Kejìlá 1789, tí wọ́n sọ àwọn ìjọ Àgùdà abúlé àtijọ́ di agbègbè ìbílẹ̀, òfin ti mọ commune kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó dá dúró: ó ní orúkọ, ó ní ààlà, ó lè ní ohun ìní, ó lè pe ẹjọ́. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá tilẹ̀ kó lọ tán, ìyẹn kò pa á. Ìjọba nìkan ló lè pa á, nípa dída á pọ̀ mọ́ òmíràn. Fún àwọn abúlé Verdun wọ̀nyí, ìjọba kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ ogun bí ìgbà tí wọ́n ń fún sójà, òfin 1919 sì fún wọn ní ìgbìmọ̀ kékeré dípò ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan. Prefect, ìyẹn aṣojú ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka Meuse, ló ń yàn wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì ni alága, tí agbára rẹ̀ bá ti méyọ̀ dọ́gba. Ìdáhùn sí ìbéèrè yín nìyẹn: kò sẹ́ni tó dìbò fún un, nítorí kò sẹ́ni tó lè dìbò. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀ṣọ́. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ilé àdúrà, òkúta ìrántí àwọn tó kú lógun àti àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń ṣètò ìsìn ìrántí ọdọọdún, tí wọ́n sì ń gba àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó wá wo ibi tí ìdílé wọn ti ṣẹ̀ wá.

Ṣé ohun tó dára jù ni ìjọba ṣe? Mo ti rò ó títí, n kò sì rò pé ìdáhùn kan ṣoṣo wà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe níbòmíràn. Ní ẹ̀ka Marne, ogun náà pa àwọn abúlé bíi Tahure, Ripont, Hurlus àti Perthes-lès-Hurlus rẹ́, ilẹ̀ wọn sì di ibùdó ìdánrawò àwọn sójà. Ní 1950, wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Orúkọ nìkan ló ṣẹ́kù, tí wọ́n so mọ́ ìdí orúkọ ẹlòmíràn: Sommepy-Tahure, Rouvroy-Ripont. Ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá níwájú pátákó náà kì í mọ̀ pé abúlé kan sùn sẹ́yìn àmì ìsọpọ̀ yẹn. Ní Craonne, ní ẹ̀ka Aisne, wọ́n kọ́ abúlé tuntun sí ìsàlẹ̀ ibi tí ti àtijọ́ wà. Ní Oradour, wọ́n fi àwókù sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọ́n sì kọ́ Oradour tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Verdun gan-an, abúlé mẹ́sàn-án ló pa rẹ́, mẹ́ta nínú wọn sì rí díẹ̀ tún kọ́: Ornes, Vaux àti Douaumont. Vaux àti Douaumont sì ti di ọ̀kan láti oṣù Kìn-ín-ní 2019.

Kíkọ́ abúlé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó dára jù fún ẹni tó ṣì ń mí, nítorí ó ń kó aládùúgbò padà sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ó ń béèrè ilẹ̀ tó mọ́ nítòsí, Fleury kò sì ní, nítorí àwọn tó yí i ká náà kò sàn ju òun lọ. Dídà á pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn kò ná ìjọba ní púpọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìran méjì, orúkọ náà á di ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún Fleury dá orúkọ sí, kò dá àwùjọ sí. Wọ́n fọ́n àwọn ìdílé náà ká, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, àwàdà wọn àti oríkì oko wọn sì lọ pẹ̀lú wọn. Tí ẹ bá bi mí, mo fara mọ́ ohun tí ìjọba ṣe, pẹ̀lú àbùkù yẹn. Èmi ka òdo tó ní orúkọ sí iyebíye ju orúkọ tó farapamọ́ sínú ti ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ abúlé náà kan ní 1920 lè sọ fún mi pé orúkọ kì í ṣe òrùlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá náà, ju bí ẹ ṣe lè rò lọ. Ẹgbẹ́ ogun tó gba àwókù Fleury ní oṣù Kẹjọ 1916 ni wọ́n ń pè ní RICM, ìyẹn Régiment d'infanterie coloniale du Maroc. Orúkọ Mòrókò wà nínú orúkọ rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Faransé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá, ẹgbẹ́ yìí kan náà ló gba odi Douaumont padà, àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ sì wà pẹ̀lú wọn: àwọn ọmọ Somali, àti bàtálíọ̀nù kẹtàlélógójì àwọn tí Faransé ń pè ní tirailleurs sénégalais. Sénégal nìkan kọ́ ni wọ́n ti kó irú àwọn sójà yìí. Gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé ni, Dahomey, tó di Benin lónìí, sì wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún yẹn gan-an ni àwọn Yorùbá Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nítorí owó orí àti kíkó ọmọ lọ sógun, tí ọ̀pọ̀ ará Kétu, Sábẹ̀ àti Ọ̀họ̀rí sì kó ẹrù wọn kọjá ààlà wọ Nàìjíríà kí wọ́n má baà mú ọmọkùnrin wọn. Nítorí náà, ogun kan náà tó sọ Fleury di òdo ló sọ àwọn ilé kan di ahoro ní apá tiwa. Ti Fleury wà nínú ìwé ìkànìyàn lọ́dọọdún. Tiwa kò sí níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá wá ka iye ènìyàn nígbà náà, owó orí tàbí sójà ló ń wá, ẹni tó bá gbọ́n kì í sì í jáde kí wọ́n kà á.

Ọmọ yín kò jìnnà síbẹ̀, mo sì máa gbà á níyànjú pé kó lọ. Ibi tí ibùdókọ̀ ojú irin Fleury wà ni wọ́n kọ́ Mémorial de Verdun sí ní 1967, ìyẹn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun náà. Tó bá ti ibẹ̀ rìn wọ inú igbó, yóò rí àwọn òpó kéékèèké tí wọ́n kọ iṣẹ́ àwọn tó gbé ibẹ̀ sí, kòtò tó kún fún koríko sì wà lẹ́yìn òpó kọ̀ọ̀kan: aṣebúrẹ́dì, alágbẹ̀dẹ, àgbẹ̀. Ilé àdúrà kékeré wà níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà tẹ́lẹ̀. Kó má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là, kó má sì fọwọ́ kan irin kankan, bó ti wù kó kéré tó. Ilẹ̀ náà ṣì ń pọ òkú jáde: ní 2013, wọ́n rí egungun sójà Faransé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ní Fleury, wọ́n sì mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn. Kó lọ sí Douaumont náà, níbi tí egungun àwọn 130,000 tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn wà nínú ilé kan. Nínú ìtẹ́ òkú tó wà níwájú rẹ̀, sàréè 592 ló jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n kọjú wọn sí Mẹ́kà.

Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, àtẹ iye ènìyàn dára fún ẹ̀kọ́ ju pípe nọ́ńbà lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á. Láti 1801 ni Faransé ti ń ṣe ìkànìyàn, nígbà tó sì yá, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ṣe é. Púpọ̀ nínú ohun tí a ní ṣáájú 1801 kì í ṣe iye ènìyàn gan-an, iye ìdílé tó ń san owó orí ni, bí ẹ bá sì sọ ìdílé di ènìyàn, ẹ kàn ń méfò ni. Ẹ wo àwọn ọdún tí kò sí: wọ́n kà wọ́n ní 1911, ó yẹ kí wọ́n tún kà wọ́n ní 1916, ogun kò sì jẹ́ kó ṣeé ṣe títí di 1921. Ọdún tí Fleury kú ni ọdún tó yẹ kí wọ́n kà á. Lóde òní, abúlé tí kò tó 10,000 ènìyàn ni wọ́n ń kà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún, iye tí wọ́n ń gbé jáde ní àwọn ọdún tó kù sì jẹ́ ìṣirò. Nọ́ńbà méjì ló tún máa ń wà, ọ̀kan fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, èkejì tó fi àwọn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìlú mìíràn kún un, nítorí náà ẹ rí i dájú pé irú kan náà lẹ ń fi wé ara wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ àwọn 422 náà bí ènìyàn, ilé ìkówèésí ẹ̀ka Meuse wà ní Bar-le-Duc. Ìwé ìkànìyàn àwọn abúlé ni kí ẹ béèrè, irú èyí tó ń to àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé: orúkọ bàálé, orúkọ ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó bá wà, ọdún tí wọ́n bí oníkálukú, àti iṣẹ́ tó ń ṣe.